Ohùn Àwọn Jagunjagun Oníke

"Ẹ dìde! Ọ̀tá ti dé!"

Ọwọ́ mi gbọ̀n. Òjé gbígbóná tó wà lẹ́nu irin tí mo fi ń lẹ wáyà kán sí mi ní àtàǹpàkò. Mo ju irin sílẹ̀. Rédíò tí mo ń tún ṣe yí dànù lórí tábìlì, ó dojú dé.

Ọmọkùnrin mi jókòó sábẹ́ tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó di jagunjagun oníke kan mú, ó tún tẹ bọ́tìnnì àyà rẹ̀.

"Ẹ dìde! Ọ̀tá ti dé!"

"Mo ti gbọ́," ni mo wí. "Ó ti dé. Ó ti jó mi lọ́wọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àtàǹpàkò mi fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé jagunjagun yẹn kalẹ̀, ó mú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, ó tẹ àyà rẹ̀.

"Má bẹ̀rù. Mo wà pẹ̀lú rẹ."

Mo rò pé eré ló ń ṣe.

Iwájú ilé ni mo ti ń tún rédíò ṣe. Aṣọ ìkélé kan ló ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára yàrá tí a ń sùn. Lẹ́yìn aṣọ yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń kàwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àṣejáde. Ó ká aṣọ ìkélé, ó yọ orí jáde.

"Bàámi, ṣé ẹ rí i báyìí? Láti àárọ̀ nìyí! Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti ka ojú ìwé kan ṣoṣo. Ọ̀tá ti dé, ọ̀tá ti dé. Ọ̀tá wo ni kì í kúkú wọlé, kó pa wá, ká sinmi?"

Àtàǹpàkò ń ta mí. Mo fi í sẹ́nu.

"Ẹni tó bá bá mi pa nǹkan wọ̀nyí lẹ́nu mọ́," ni mo wí, "màá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo sọ ọ́. N kò ní sẹ́.

Ọdún méjì ni ìyá wọn ti kú nígbà yẹn. Àìsàn ọ̀sẹ̀ kan ni. Mo ti darúgbó kí n tó bí àwọn ọmọ wọ̀nyí, mo sì ti rò pé èmi ni n óò kọ́kọ́ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ó tó kú, ẹnu ọmọkùnrin yẹn kì í dákẹ́. Ìyá rẹ̀ a máa pè é ní Rédíò Kékeré. Lọ́jọ́ tí a sin ín, ọmọ náà béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ mi. N kò dá a lóhùn, nítorí n kò mọ èsì. Láti ìgbà náà, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń gbọ́ bí a bá pè é. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀.

Àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin ló kó àwọn jagunjagun náà wá nínú páálí kan. Márùn-ún ni wọ́n. Ìwọ̀n ọwọ́ mi ni gíga wọn. Gbogbo wọn ló ní iṣan lápá bí ẹni ń ru àpò sìmẹ́ǹtì, àfi àgbàlagbà kan báyìí tó ní irùngbọ̀n funfun. Bí a bá tẹ àyà wọn, wọn a sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀.

N kò fẹ́ràn wọn. Ọ̀rọ̀ ohùn ni iṣẹ́ mi. Mo mọ ohùn tó dára. Tiwọn dà bíi ti ẹni tó ń kígbe nínú agolo. Ẹnì kan kọ ohùn náà sínú wọn níbi tó jìnnà, fún owó iṣẹ́ rẹ̀, kò sì mọ̀ wá rí. Ọmọ mi wá gbé e mọ́ra ju ohùn tèmi lọ. Èyí dùn mí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tiwa, ló sọ ọmọ náà ní Ọ̀gágun.

"Bàbá Onírédíò," a máa ké láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, "ẹ bá mi bẹ Ọ̀gágun, kó má kó ogun ja ọ̀dọ̀ mi o! Mo ní aṣọ ìyàwó lọ́wọ́!"

"Ẹ̀rọ yín ń pariwo ju ogun lọ," n óò wí.

"Ti èmi ń mú aṣọ jáde. Kí ni tiyín ń mú jáde?"

N óò padà sídìí rédíò mi.

Obìnrin kan wà nílé ìwòsàn tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ni a ń lọ. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé ọjọ́ tí òjé jó mi, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní kí ọmọ náà kó àwọn jagunjagun rẹ̀ sórí rẹ̀. Òun náà jókòó sílẹ̀. Ó ń wò ó. Nígbà tó pẹ́, ó fi ọwọ́ pè mí.

"Bàbá, ẹ wo ètè rẹ̀."

Mo wò ó. Ọmọ náà tẹ èyí tó dé akoto lórí. "Ó yá, a ń lọ!" ni nǹkan náà wí. Ètè ọmọ mi mì pẹ̀lú rẹ̀.

"Ìgbà wo ló máa ń tẹ ìyẹn nílé?" ni ó béèrè.

Mo rò ó. "Bí mo bá wọ bàtà."

"Èyí tó jẹ́ obìnrin yìí ńkọ́, tó ń sọ pé 'Mo nílò agbára'?"

"Láàárọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́."

"Ebi ló ń pa á, Bàbá."

Mo jókòó.

"Ó ti ń sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ohùn ẹlòmíràn ló fi ń sọ ọ́. Ó fi wọ́n ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ohùn tirẹ̀ á máa yọ lábẹ́ tiwọn, títí tirẹ̀ á fi borí. Ẹ má gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí bátìrì wọn tán. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé."

"Mo ti gbọ́," ni mo wí.

Mo rántí àtàǹpàkò mi, àti èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Má bẹ̀rù. Mo wà pẹ̀lú rẹ. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

A dé ilé. Ọmọbìnrin mi ń gé àlùbọ́sà.

"Kí ni wọ́n sọ, Bàámi?"

"Wọ́n ní ká máa bọ̀ ní Ọjọ́rú."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń gé àlùbọ́sà rẹ̀ lọ. Mo lọ sídìí tábìlì mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, bó bá tó ìdí. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í ránṣẹ́ sí oníbàárà pé rédíò rẹ̀ ti jí lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Rédíò lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tún kú. Olúwarẹ̀ á ti fi ayọ̀ wá, á sì fi ìbínú padà. Nítorí náà a óò tàn án sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Bó bá sọ̀rọ̀ dalẹ́, a óò ránṣẹ́. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ogójì ọdún ni mo sì ti ń ṣe é. Mo ní kí n fi ọmọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó dá mi lójú, kí n tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo ń wọ bàtà. Ó tẹ alákoto. "Ó yá, a ń lọ!" Mo gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ohùn náà, fẹ́lẹ́, bí èémí. "Lọ."

Mo dúró pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. N kò mira. Ó tún tẹ ẹ́. Ó tún sọ ọ́. "Lọ."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó dalẹ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ojú ọmọbìnrin mi ń rù. Ó gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ. Àwọn oníbàárà ń bi í bóyá òun ni ìyàwó tí wọ́n ń rán aṣọ rẹ̀. Ó gbé ìwé lọ sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé. Òjò lé e wọlé. Ó padà sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó fi òwú di etí. Ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, òun ló ń fọ ara rẹ̀, òun ló sì ń ka hóró oògùn sí i lọ́wọ́. Ìdánwò yìí nìkan ni ọ̀nà tó rí. Mo mọ èyí pẹ̀lú. N kò sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ so sípíkà mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Ọmọkùnrin mi ń sun oorun ọ̀sán. Ọmọbìnrin mi ń kàwé.

Nígbà tí mo dé, ilé dákẹ́. Ẹ̀rọ Ìyá Aránṣọ nìkan ló ń dún. Mo sọ àpò kalẹ̀, mo mí. Ó dùn mọ́ mi. N kò ní purọ́: fún bíi ìdajì wákàtí, ó dùn mọ́ mi.

Ìgbà náà ni mo wo abẹ́ tábìlì. Ọmọkùnrin mi wà níbẹ̀. Ó tẹ àyà obìnrin náà. Kò sí nǹkan kan. Ó gbé e sétí. Ó mì í. Ó tẹ alákoto. Ó tẹ ẹlẹ́sẹ̀ kíkán. Ó tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bátìrì wọn ló tán," ni ọmọbìnrin mi wí láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Kò yọ orí jáde.

Mo fi bátìrì tuntun sí wọn. Wọn kò sọ nǹkan kan.

Nǹkan márùn-ún kì í kú pọ̀ ní ọ̀sán kan. Mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ kíkán sórí tábìlì, mo mú súkúdíráfà tó kéré jù. Mo tú síkúrù kìn-ín-ní. Ó wá ní wẹ́rẹ́. Mo tú èkejì. Òun náà wá ní wẹ́rẹ́. Ọwọ́ mi dúró.

Síkúrù inú ike kì í wá bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló dè é. Wọn a dè é pa. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá de síkúrù tán nínú ike, n óò dá a padà sẹ́yìn bí ìbú irun kan, kí ike má bàa sán. N kò mọ ẹlòmíràn tó ń ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sì kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí mo kọ́ ọ, lórí tábìlì yìí kan náà, àpótí ló sì gùn kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o.

Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Òórùn nǹkan tó jó jáde. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ òórùn náà. Nínú rẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tí kò ju èékánná méjì lọ. Lórí rẹ̀ ni kókó dúdú kan wà bí ẹ̀kán ọ̀dà. Inú kókó yẹn ni ohùn ń gbé. Ó ti là sí méjì.

Lára irin tí bátìrì ń fara kàn, mo rí àmì eyín. Eyín ẹ̀mú tó wà lẹ́nu wáyà bátìrì mọ́tò mi ni, èyí tí mo fi ń dán rédíò ọkọ̀ wò.

"Wá," ni mo wí fún ọmọbìnrin mi.

Ó wá. Ó dúró sí òdìkejì tábìlì.

"Kí lo rí níbí?"

Ó wò ó. "Ó jó."

"Kí ló jó o?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Mo bi ọ́ léèrè."

"Bátìrì mọ́tò," ni ó wí. "Mo fi wáyà pupa sí ibi tó yẹ kí dúdú wà."

"Bí o bá kàn gé wáyà sípíkà, wọn ì bá dákẹ́."

"Ẹ̀yin á tún un so, Bàámi. Ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà yín." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Mo fẹ́ kó jọ pé wọ́n kú fúnra wọn. Ìdánwò mi ku ọjọ́ mẹ́fà. Mo ní bó bá parí, màá bẹ Àǹtí kó ra òmíràn fún un. Àti pé ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Ẹ ní ẹni tó bá pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ẹ̀ẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Mo sọ ọ́."

"Ẹ ò dúpẹ́ báyìí."

"Rárá."

Mo wá sọ ìyókù fún un. Ohun tí obìnrin ilé ìwòsàn wí. Ebi àárọ̀. Bàtà. Àtàǹpàkò mi. Mo sọ "lọ" tí mo gbọ́ lọ́jọ́ Àìkú. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Ó di etí tábìlì mú. Ó wo abẹ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò wò ó. Ó ń tẹ àyà alákoto.

"Ó sọ̀rọ̀?" ni ó wí. "Ó sọ̀rọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"N kò sọ fún ọ."

"Kí ló dé, Bàámi?"

Ìbéèrè tí àbúrò rẹ̀ bi mí nígbà ìsìnkú náà nìyẹn. Mo mú súkúdíráfà.

Mo ṣí gbogbo wọn. Mẹ́rin ti jó tán. Ọmọbìnrin mi ní arúgbó onírùngbọ̀n lòun fi ṣe ìkẹyìn. Wáyà yọ̀ kúrò kí ó tó jó o tán. Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi bá a jà. "Dúró! Ta nìyẹn?" ni gbólóhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sán kẹta ó la ẹnu. "Dúró," ni ó wí, ìyókù sì há bí ìlẹ̀kùn tí kò lóróró.

Ní Ọjọ́rú, ọmọ náà kọjú sí ògiri nílé ìwòsàn. Ètè rẹ̀ kò mì. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí.

"Ó lè padà," ni ó wí. "Ó sì lè pẹ́. Mi ò ní parọ́ fún yín, Bàbá."

Àbúrò ìyá rẹ̀ wá àwọn jagunjagun náà títí. Wọn kò ṣe irú wọn mọ́. Ó ra òmíràn, tó tóbi, tí iná ń tàn lójú rẹ̀. Ọmọ náà tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e sórí fèrèsé, ó dojú rẹ̀ kọ ìta.

Ọmọbìnrin mi ṣe ìdánwò rẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́. Lọ́jọ́ tó parí, kò bọ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ó wọ abẹ́ tábìlì, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Mo gbọ́ ọ tó mú kí ohùn rẹ̀ nípọn, bíi ti ẹni tó wà nínú agolo.

"Ẹ dìde! Ọ̀tá ti dé!"

Ó sún mọ́ àbúrò rẹ̀.

"Ọ̀gágun, ṣé o gbọ́? Má bẹ̀rù. Mo wà pẹ̀lú rẹ."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò wọ́n. Ọmọkùnrin náà ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò bínú. Ó rọra bò ó, bí ẹni ń pa ìlẹ̀kùn dé. Ó fi ọwọ́ kejì tẹ àyà ẹlẹ́sẹ̀ kíkán, ó sì gbé e sétí.

Èsì ìdánwò dé ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ó yege. Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ rí ìwé náà.

"Nọ́ọ̀sì ti dé!" ni ó ké. "Ẹ yọ̀ o! Bàbá Onírédíò, ẹ sọ nǹkan kan! Ṣé ẹyin ló wà lẹ́nu gbogbo yín ni?"

"O ṣe é," ni mo wí fún ọmọbìnrin mi. "Ìyá rẹ ì bá yọ̀."

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó fi ìwé náà sórí tábìlì, ó lọ pọn omi. Ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì báyìí. Ó ń kọ lẹ́tà. Ìlà àkọ́kọ́ nínú gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ni: "Bàámi, ṣé ó ti sọ̀rọ̀?" Mo ń dáhùn lọ́jọ́ tí mo bá gbà á. N kì í dúró kó dalẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ohun tí mo rí kò pọ̀. Bí ariwo ẹlòmíràn bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ béèrè ohun tó ń fi í ṣe, kí ẹ tó pa á. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ má ní bátìrì ló tán. Ti àgbà nínú ọ̀ràn náà, tèmi ni. Mo mọ ohun tó yẹ kí ọmọ mi mọ̀, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú. Òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó wọn. Èmi ni mo jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Jagunjagun márùn-ún wà lórí pẹpẹ lókè tábìlì mi. Láràárọ̀, ọmọkùnrin mi ń gbé àpótí, ó ń gùn ún, ó ń tẹ gbogbo wọn. Mẹ́rin kò sọ nǹkan kan. Arúgbó onírùngbọ̀n ń sọ pé, "Dúró."